Owó Ẹyọ, Ìdì Igi àti Ipò Òǹkà: Bí Ìṣirò Ṣe Wọ Kíláàsì ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Bóyá ni iṣẹ́ kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí òwe yìí bá mu tó kíkọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Olùkọ́ lè fi ẹnu ròyìn láti àárọ̀ di ọ̀sán pé 3 tí ó wà nínú 36 kì í ṣe ẹẹ́ta, pé ọgbọ̀n ni. Bí ojú ọmọ kò bá tí ì rí ọgbọ̀n náà, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì tí ì tò ó, etí ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ náà yóò bá wọlé, etí òsì ni yóò bá jáde.

Ohun tí a ń pè ní ipò òǹkà nìyí: pé àmì kan náà a máa yí iye padà gẹ́gẹ́ bí ààyè tí a kọ ọ́ sí. Ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, ẹyọ ni. Bí ó bá sún sí òsì ní ìgbésẹ̀ kan, ó di ẹ̀wá-ẹ̀wá. Bí ó bá tún sún, ó di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Gbogbo ìṣirò tí ọmọ yóò ṣe lẹ́yìn èyí, ìbáà ṣe ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ tàbí pínpín, orí ìpìlẹ̀ yìí ni ó dúró lé.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú ìjíròrò yìí kò ṣòro láti sọ, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́. Kí ló dé tí ọmọ tí ó ń bá ìyá rẹ̀ tajà, tí kì í ṣi ṣéńjì kà, fi ń kùnà nígbà tí a bá kọ nọ́ńbà mẹ́ta sí ojú pátákó pé kí ó rò wọ́n pọ̀? Àwọn kan ní orí ọmọ náà ni kò pé. Àwọn mìíràn ní èdè Yorùbá ni kò gba ìṣirò. Bí a bá tọ ipasẹ̀ ìtàn, a ó rí i pé ẹjọ́ náà kò sí lọ́rùn ọmọ, kò sì sí lọ́rùn èdè. Òǹkà méjì tí ọ̀nà wọn yàtọ̀ ni a gbé lé ọmọ lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a kò sì fi ibi tí wọ́n ti pàdé hàn án.

ÒǸKÀ TÍ Ó TI INÚ OWÓ JÁDE

Kí sílè àti pọ́n-ùn tó dé, owó ẹyọ ni Yorùbá ń ná. Láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irú mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ tún ń ti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà wọlé. Owó yìí ní ètò tirẹ̀. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ó di ẹgbàá, èyí tí í ṣe 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó kún àpò kan, èyí tí í ṣe 20,000. Àpò náà ni a ń pè ní ọ̀kẹ́, orúkọ àpò sì di orúkọ nọ́ńbà títí di òní.

Adolphus Mann, òjíṣẹ́ C.M.S. tí ó ti gbé ní Ìjàyè, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní London ní ọdún 1887 lórí òǹkà Yorùbá. Ó ṣàpèjúwe bí a ti ń ka owó. A ó da ẹyọ sílẹ̀ bẹẹrẹ. Ẹni tí yóò kà á yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó jókòó tì í. Yóò máa fi ọwọ́ ṣà á ní márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá ti ṣa márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó di ogún. Ogún lọ́nà márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì sì di igba. Òkìtì igba yìí ni yóò máa tò títí owó yóò fi tán nílẹ̀. Nínú ìṣe yìí ni Mann ti wá ìdí tí òǹkà Yorùbá fi rí bí ó ti rí. Samuel Johnson pẹ̀lú, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, fi ààyè sílẹ̀ fún àlàyé òǹkà yìí.

Ẹni tí ó bá fetí sí orúkọ nọ́ńbà wa yóò gbọ́ ìró òkìtì wọ̀nyí nínú wọn. Ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta, ọgọ́rin ni ogún mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún ni ogún márùn-ún. Láti igba ni a ti ń bọ́ sí ẹgbẹ̀ta, èyí tí í ṣe igba mẹ́ta, àti ẹgbẹ̀rin, èyí tí í ṣe igba mẹ́rin. Bí nọ́ńbà bá fi oókan, eéjì, ẹẹ́ta tàbí ẹẹ́rin ju ẹ̀wá kan lọ, a ó ní ó lé. Láti orí aárùn-ún, a ó bojú wo ẹ̀wá tí ó wà níwájú, a ó ní ó dín. Nípa báyìí, 24 jẹ́ mẹ́rìnlélógún, ṣùgbọ́n 26 jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni 45. Márùndínláàádọ́ta ni orúkọ rẹ̀. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì ni ọgọ́ta tí a yọ ẹẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pe 45 ní èdè Yorùbá ti ṣe ìsọdipúpọ̀ lẹ́ẹ̀kan àti ìyọkúrò lẹ́ẹ̀méjì kí ó tó pa ẹnu dé.

Èdè tí ó lè ṣe èyí kì í ṣe èdè tí kò gba ìṣirò. Síbẹ̀ ohun kan wà tí òkìtì owó kò ní. Òkìtì igba kì í di igba nítorí pé ó wà ní òsì tàbí ní ọ̀tún. Ibi yòówù tí a bá tì í sí, igba ni. Bí kò bá sí òkìtì, kò sí ohun tí a ó tọ́ka sí. A kò nílò àmì fún ibi tí ó ṣófo. Ìdì tí ó wà nínú owó ẹyọ kò sì dọ́gba: márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́rin, lẹ́yìn náà márùn-ún, lẹ́yìn náà méjì. Ohun tí ojú rí ni òǹkà náà, kì í ṣe ààyè tí a kọ nǹkan sí.

ÒǸKÀ TÍ Ó TI ÒKÈÈRÈ WÁ

Òǹkà onípò tí a ń kọ sílẹ̀ lónìí kì í ṣe ti Òyìnbó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti wá. Níbẹ̀ ni Brahmagupta ti kọ òfin bí a ṣe ń fi òdo ṣe ìṣirò sílẹ̀ ní ọdún 628. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, al-Khwarizmi ṣàlàyé òǹkà náà ní ìlú Baghdad. Ní 1202, Leonardo ará Pisa, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Fibonacci, kọ ìwé tí ó fi kọ́ àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Ítálì bí a ti ń lò ó.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí. Àwọn ará Yúróòpù kò gba òǹkà náà lọ́jọ́ kan. Fún ọ̀rúndún mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń to ọmọ ayò ìṣirò sórí pátákó tí a fa ìlà sí, ìlà kan fún ẹyọ, ìlà kan fún ẹ̀wá, ìlà kan fún ọgọ́rùn-ún. Ìgbà tí ọwọ́ àti ojú ti mọ ìlà náà tán ni wọ́n tó fi ìwé àti kálámù rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ sì wá di ti gbogbo ọmọ, àwọn olùkọ́ wọn rí i pé ọmọdé kò lè fo ìgbésẹ̀ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ kò fò. Wọ́n gbé ohun èlò padà sínú kíláàsì. Férémù onílẹ̀kẹ̀, tí a fi wáyà gbá kọjá, tí a sì sín ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá sórí wáyà kọ̀ọ̀kan, di ohun tí a ń bá pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Maria Montessori, ẹni tí ó ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní Rome ní 1907, lo ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ wúrà: ìlẹ̀kẹ̀ kan fún ẹyọ, ọ̀pá onílẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá fún ẹ̀wá, ọ̀pá mẹ́wàá tí a so pọ̀ fún ọgọ́rùn-ún, àti àpótí onílẹ̀kẹ̀ 1,000. Ọmọ lè fi ọwọ́ gbé 1,000 kí ó sì mọ bí ó ti wúwo ju ẹyọ kan lọ.

OHUN TÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ FI SÍLẸ̀ LẸ́YÌN

Ní 1843 ni àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ọdún yìí kan náà ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò ni òpó mẹ́ta tí ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà náà dúró lé. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé òfin ẹ̀kọ́ kalẹ̀ ní 1882, ara owó ìrànwọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbà so mọ́ bí àwọn ọmọ bá ti ṣe nínú ìdánwò. Kò ya ni lẹ́nu pé olùkọ́ tí owó rẹ̀ wà lórí ìdánwò yóò fi ara mọ́ àkọ́sórí. Ọmọ ń ké ìsọdipúpọ̀ bí ẹni ń ké oríkì, ẹfun ń dún lójú síléètì, ṣùgbọ́n ìdí tí a fi ń gbé oókan sókè nígbà tí ìròpọ̀ bá ju ẹ̀sán lọ kò yé e.

Owó tuntun tí ó rọ́pò owó ẹyọ kò mú ọ̀rọ̀ rọrùn. Kọ́bọ̀ méjìlá ni sílè kan. Ogún sílè ni pọ́n-ùn kan. Ọmọ tí ó jáde nílé pẹ̀lú òǹkà ogún àti márùn-ún, tí ó bá òǹkà mẹ́wàá lójú pátákó, tún ní láti ka méjìlá àti ogún nígbà tí a bá rán an ní oúnjẹ. Òǹkà mẹ́ta ni a dì sórí ọmọ kan ṣoṣo bí ẹrù, kò sì sí ẹni tí ó bá a sọ ọ́ kalẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Iye àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000 lọ́dún náà. Àǹfààní ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n kíláàsì kún, olùkọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò sì kárí. Ohun èlò ìṣirò ọ̀pọ̀ ọmọ ni èyí tí wọ́n mú láti ilé wá: ọwọ́ igi ìgbálẹ̀ tí a gé kúkúrú, ọmọrí ìgò, òkúta wẹ́wẹ́. Ohun èlò náà dára. Àléébù ibẹ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì, ẹyọ lásán ni wọ́n jẹ́. Ọmọ ń kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí 1 dé orí 20, a kò sì kọ́ ọ pé kí ó dì wọ́n. Igi tí a kò dì kò lè kọ́ni ní ipò òǹkà. Ẹni tí ó ń ka owó ẹyọ nígbà Mann ti mọ èyí: kì í ka ọ̀kẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

OWÓ NÁÍRÀ ÀTI OKÙN IFẸ̀

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti sílè. Ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ ni náírà kan, sílè mẹ́wàá àtijọ́ sì ni. Bí a bá wò ó dáadáa, ohun èlò ìkọ́ni tí ó wà lápò gbogbo òbí ni ìjọba pín fún olùkọ́ lọ́jọ́ náà. Kọ́bọ̀ kan jẹ́ ẹyọ; owó wẹ́wẹ́ oníkọ́bọ̀ mẹ́wàá jẹ́ ẹ̀wá; náírà kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún; náírà mẹ́wàá jẹ́ ẹgbẹ̀rún kọ́bọ̀. Ẹni tí ó ní náírà mẹ́ta, kọ́bọ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá méjì àti kọ́bọ̀ márùn-ún ní 325 lọ́wọ́, kò sì ṣòro fún ọmọ láti rí ìdí tí 3 náà fi ju 5 lọ. Lónìí kọ́bọ̀ ti kúrò lọ́jà, àǹfààní yìí sì ti bá a lọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ lè gé páálí rọ́pò rẹ̀.

Ní 1970, ọdún mẹ́ta ṣáájú ìyípadà owó yìí, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn, àfi èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìṣirò wà lára ohun tí a fi Yorùbá kọ́. Àyẹ̀wò tí a ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé àwọn ọmọ yìí kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ètò náà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí ó ń di ẹ̀bi ru èdè.

Ní Ifẹ̀ yìí kan náà, ní àwọn ọdún 1980, Helen Verran, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà tí ó ń kópa nínú kíkọ́ àwọn olùkọ́, rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó mú un ronú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ròyìn rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2001. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí wíwọn gígùn. Ìlànà tí a fún olùkọ́ náà ni pé kí ọmọ fi okùn wọn nǹkan, kí ó sì na okùn náà sójú rúlà onímítà. Olùkọ́ náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gé páálí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ó fi okùn wọn ìdúró ọmọ kan láti gìgísẹ̀ dé orí, ó so kókó sí i, ó sì wé okùn náà mọ́ páálí. Àwọn ọmọ ka iye ìgbà tí okùn wé. Ìwé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀wá. Wọ́n ka èyí tí ó ṣẹ́kù. Ìyẹn jẹ́ ẹyọ. Wọ́n pa méjèèjì pọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Inú àwọn ọmọ dùn, ẹ̀kọ́ náà sì yé wọn.

Ọ̀nà tí ìwé ìlànà là sílẹ̀ kọ́ yìí, ṣùgbọ́n kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Rúlà a máa fi gígùn hàn bí ìlà tí a ń tò ní sẹ̀ǹtímítà kan tẹ̀lé òmíràn. Okùn tí a wé mọ́ páálí fi odidi kan hàn tí a pín sí ìdì, tí ìdì sì ní ìyókù. Bí a ti ń sín ogójì ẹyọ sórí okùn kan kí ó tó di àádọ́ta okùn nìyẹn. Láìsí páálí olówó iyebíye, láìsí ẹ̀rọ, olùkọ́ náà fi ipò ẹ̀wá àti ipò ẹyọ sí ojú àti ọwọ́ àwọn ọmọ.

IBI TÍ ORÚKỌ ÀTI ÀMÌ TI PÀDÉ

Àwọn kan ti dá a lábàá pé kí a sọ òǹkà Yorùbá di oníẹ̀wá pátápátá, kí orúkọ lè bá àmì mu. Àwọn mìíràn ní kí a fi òǹkà Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àbá méjèèjì ní ìdí. Ọmọ tí ó gbọ́ mẹ́rìndínlógójì, tí ó sì gbé 4 àti 40 kalẹ̀, kò fetí palẹ̀. Ohun tí ó gbọ́ gan-an ni ó kọ. Ṣùgbọ́n kí a wo àwọn ọmọ Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ó jẹ́ pé èdè Faransé ni wọ́n fi ń kàwé. Nínú èdè Faransé, ogún mẹ́rin ni orúkọ 80, gẹ́gẹ́ bí ọgọ́rin. Ogún mẹ́rin àti ẹẹ́wàá ni orúkọ 90. Kò sí ẹni tí ó tìtorí èyí sọ pé èdè Faransé kò gba ìṣirò. Àwọn olùkọ́ wọn ń fi ohun èlò bá ọmọ la àárín orúkọ àti àmì já ni.

Ìdì igi ìgbálẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ kan náà fún ọmọ Yorùbá. Kí olùkọ́ ní kí ọmọ ka igi mẹ́wàá, kí ó fi okùn tàbí rọ́bà dì í. Kí ìdì mẹ́wàá tún di ìdì ńlá kan. Kí ó fa ìlà sí ojú pátákó sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdì ńlá ní òsì, ìdì kékeré láàárín, ẹyọ ní ọ̀tún. Kí ó wá pe mẹ́rìndínlógójì. Ọmọ yóò gbé ogójì kalẹ̀ ná, ìdì mẹ́rin gédégédé. A ní ó dín mẹ́rin. Kò sì sí ẹyọ kankan nílẹ̀ tí a lè mú. Ọmọ kò ní ṣàì tú ìdì kan. Yóò mú mẹ́rin kúrò nínú mẹ́wàá tí ó tú, mẹ́fà yóò kù. Ohun tí ó wà nílẹ̀ nísinsìnyí ni ìdì mẹ́ta àti ẹyọ mẹ́fà. Ẹfun yóò sì kọ 36.

Ní ìṣẹ́jú kan, ọmọ náà ti rí ohun méjì. Ó ti rí i pé orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè nílé àti àmì tí olùkọ́ kọ kò tako ara wọn. Nǹkan kan náà ni wọ́n, ọ̀nà méjì ni a gbà dì í. Ó sì ti ṣe ìyọkúrò tí a ń yá ẹ̀wá fún, èyí tí ó ń da ọ̀pọ̀ ọmọ láàmú ní kíláàsì kẹta, láìmọ̀ pé òun ti ṣe é. Orúkọ nọ́ńbà tí àwọn kan ń pè ní ìdènà ti di olùkọ́. Kí ọmọ tún gbìyànjú 45: yóò gbé ìdì mẹ́fà kalẹ̀, yóò mú ọ̀kan kúrò, yóò tú òmíràn, yóò yọ márùn-ún. Gbogbo ìtàn orúkọ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti sọ.

Ibì kan ṣoṣo ni orúkọ kò ti lè ran ni lọ́wọ́, ibẹ̀ ni òdo. Bí a bá pe ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùn-ún, etí kò gbọ́ ohunkóhun nípa ìdì kékeré, ọmọ sì lè kọ 3005, nítorí ó kọ 300, ó sì fi 5 tẹ̀ lé e. Ojú pátákó ni yóò gbà á sílẹ̀. Ìdì ńlá mẹ́ta wà ní òsì, ẹyọ márùn-ún wà ní ọ̀tún, àárín ṣófo. A kò gbọdọ̀ pa ààyè náà rẹ́, nítorí bí a bá pa á rẹ́, ìdì ńlá yóò sún wá di ìdì kékeré. Òdo ni a fi ṣọ́ ààyè náà. Ohun tí owó ẹyọ kò nílò nìyí, òun sì ni ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ lo àkókò lé lórí jù.

Láti orí ẹyọ dé orí náírà, ìtàn náà kò yí padà: ẹni tí ó mọ òǹkà ni ẹni tí ó ti di í, tí ó sì ti tú u. Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà, kọ́bọ̀ ti tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n igi ìgbálẹ̀ kò tí ì wọ́n nílé ẹnikẹ́ni. Kí olùkọ́ tó pe ọmọ ní olódo, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bí ọmọ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìdì kan rí.